Ìwé Karùn-ún Bàbá Olómi

Kì í ṣe ìyá ọkọ ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rù láyé mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bóyá n kò tiẹ̀ ní ní ìyá ọkọ kankan. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí nígbà náà, yàrá àyẹ̀wò omi ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sì jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, àwọn tó ń wá síbẹ̀ kì í wá ìyàwó. Ìgò omi ni wọ́n ń gbé wá. Wọ́n á gbé e lé ojú fèrèsé, wọ́n á buwọ́ lu ìwé, wọ́n á bá tiwọn lọ.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọkùnrin kan gbé tiẹ̀ wá. Omi inú ìgò náà pọ́n bíi tíì. Ó ní inú ẹ̀rọ omi ilé ìyá òun ni òun ti bu ú, òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè pa wọ́n.

"Ìpẹtà ni," mo dá a lóhùn. "Kò lè pa wọ́n. Aṣọ funfun wọn nìkan ló máa kú."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di fèrèsé mú. Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé ìgò mìíràn wá, omi rẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó tún mọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo wò ó, mo wo òun náà.

"Ọ̀gá mi, omi yìí mọ́ ju èyí tí èmi fúnra mi ń mu lọ. Kí lẹ̀ ń wá gan-an?"

"Ẹ̀yin ni," ó ní, kò sì lè wo ojú mi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ayàwòrán ilé ni, Ayàwòrán náà ni mo sì ń pè é títí dòní. Nígbà tí mo sọ fún un pé mò ń kọ ìwé àṣekágbá oyè kejì mi ní yunifásítì, lórí ìpẹtà inú páìpù àtijọ́, ẹnu yà á. Ó ní omi ni bàbá òun náà fi gbogbo ayé wọn ṣe. Olùkọ́ ni wọ́n ní yunifásítì kan náà, Bàbá Olómi ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti kú.

Nǹkan ń lọ dáadáa títí ìyá rẹ̀ fi béèrè ọjọ́ orí mi. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Ayàwòrán.

"Ọdún mẹ́rin!" ni Màmá ké. "Ṣé ìyàwó lo fẹ́ fẹ́ ni àbí ẹ̀gbọ́n?"

Wọ́n ní àwọn ò fẹ́, àwọn ò sì ní fẹ́. Ayàwòrán bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Mo sunkún níbi iṣẹ́, mo sọ fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pé kẹ́míkà ló ta sí mi lójú. Ohun tí mo sì ń rò ní gbogbo ìgbà yẹn ni pé ọkùnrin tí kò lè dá ìyá rẹ̀ lóhùn yìí, ọjọ́ wo ló máa rẹ̀ ẹ́, táá fi mí sílẹ̀?

Àbúrò Bàbá Olómi ló wá bá wa dá sí i. Iwájú ilé ìwòsàn ojú ni wọ́n ti ń ta gíláàsì, nítorí náà Àǹtí Onígíláàsì là ń pè wọ́n. Wọ́n wá bá mi níbi iṣẹ́, wọ́n jókòó sórí àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀.

"Gbọ́ mi, ọmọ dáadáa," wọ́n ní. "Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ inú ìyàwó wa yẹn. Ìwé ọkọ rẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ láyé, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ojoojúmọ́ ló ń ráhùn pé wọ́n ti gbàgbé ọkọ òun ní yunifásítì. Ìwọ sì rèé, o ń kọ̀wé lórí omi! Fi orúkọ ọkọ rẹ̀ sínú ẹ̀ dáadáa, kó o wá gbé e fún un kà. Tí kò bá rọ̀, kí n má ta gíláàsì mọ́."

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n fi ìwé náà sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń lo ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù, èyí tí wọ́n ń pè ní AI, kó lè máa bá mi tún gbólóhùn mi tò, torí ọwọ́ mi mọ omi í yẹ̀ wò ju kó kọ̀wé lọ. Yunifásítì gbà wá láyè. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kì wá nílọ̀ ni pé ìwé èyíkéyìí tí ẹ̀rọ náà bá dárúkọ, ká fi ojú ara wa rí i ká tó fi sínú tiwa.

Mẹ́rin nínú ìwé ìwádìí Bàbá Olómi ni mo fi ojú ara mi rí nílé ìkówèésí. Mẹ́rin kéré lójú mi. Mo fẹ́ kí Màmá ṣí ìwé mi kí orí wọn wú. Mo bi ẹ̀rọ náà bóyá ọkùnrin yìí kọ nǹkan mìíràn. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fún mi ní àkọlé, ó fún mi ní ọdún, ó ní ojú ewé mẹ́jọ ni, ó tiẹ̀ sọ ohun tí Bàbá rí nínú ìwádìí náà fún mi. Ọ̀rọ̀ náà bá tèmi mu bí aṣọ tí wọ́n wọ̀n sí mi lára. Mo fi í síbẹ̀, mo ní màá lọ wá ìwé náà gan-an lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé dé, iṣẹ́ pọ̀, mi ò lọ. Ẹ bá mi wí, mo gbà.

Lẹ́yìn tí mo fi ẹ̀dà mẹ́ta sílẹ̀ ní yunifásítì, mo gbé ìkẹrin lọ sílé Màmá, èmi àti Ayàwòrán. Wọn ò wo iwájú ìwé rárá. Ẹ̀yìn ni wọ́n ṣí lọ tààrà, níbi tí mo to orúkọ àwọn ìwé tí mo lò sí, wọ́n fi ìka wá ti ọkọ wọn.

"Èyí... mo tẹ̀ ẹ́. Oyún ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo ní nínú," wọ́n ń sọ fún Ayàwòrán. "Èyí náà, mo tẹ̀ ẹ́. Èyí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá yín ní kí n tún un tẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n jù ú lù ú." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo wo Ayàwòrán, ó ṣẹ́jú sí mi. Ayọ̀ mi kún.

Ìka wọn dé orí ìkarùn-ún, ó dúró.

"Èyí ńkọ́?"

Wọ́n fi ìka tọ ọdún tó wà níwájú rẹ̀.

"Ọdún tí mo bí ẹ nìyí," Màmá sọ fún ọmọ wọn. "Èmi kọ́ ni mo tẹ èyí." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Níbo lo ti rí i?"

"Orí ẹ̀rọ ni, Mà."

"O kà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni mo pa kí ó tó jáde lẹ́nu mi tán. Màmá pa ìwé náà dé. Wọ́n ní kí n mú ìwé karùn-ún yẹn wá fún àwọn, pé bí àwọn bá ti rí i, àwọn á fún wa lésì lórí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín èmi àti ọmọ àwọn. Lórí àtẹ̀gùn, Ayàwòrán fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó.

"Ṣé o gbọ́? Wọ́n ní àwọn á fún wa lésì! Tẹ́lẹ̀ rárá ni wọ́n ń sọ!"

Mo di irin àtẹ̀gùn mú gírí.

Ilé ìkówèésí ni mo gbà lọ lọ́jọ́ kejì. Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bá mi gbé ìdìpọ̀ ìwé ìwádìí ọdún náà sọ̀ kalẹ̀, ó nu eruku rẹ̀ fún mi. Mo ṣí i dé ojú ewé tí ẹ̀rọ sọ. Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo bá níbẹ̀. Ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Mo yẹ gbogbo ìdìpọ̀ náà wò, mo yẹ ti ọdún tó ṣáájú àti ti ọdún tó tẹ̀lé e, kò sí Bàbá Olómi níbì kankan. Mo jókòó sórí ilẹ̀ láàárín àwọn ìwé, mo tún bi ẹ̀rọ náà pé níbo gan-an ni ìwé yìí wà. Ó ní kí n má bínú, pé òun ò rí ẹ̀rí pé ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Ó tọrọ àforíjì bí ẹni tó ṣèèṣì tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, bí fóònù mi bá dún, màá dà á dojú bolẹ̀. Bí Màmá bá béèrè, Ayàwòrán á ní mò ń wá a. Mi ò lè jẹun dáadáa. Mo da omi oníbàárà méjì pọ̀ mọ́ra wọn níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi ní kí n lọ sinmi. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀la ni màá jẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sọ ọ̀la.

Àǹtí Onígíláàsì tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì jókòó.

"Kí lo fún ìyàwó wa kà? Ó ti já fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi lára ògiri. Ó pè mí, ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun. Ó ní ní oṣù mẹ́jọ tí ẹ̀gbọ́n mi fi wà nídìí iṣẹ́ odò níjọ́un, tí òun ń tọ́mọ nílé, ta ló ń bá a tẹ̀wé? Mo ní n ò mọ̀. Ó ní kò sí ohun tí ọkọ òun kọ rí tí kò kọ́kọ́ kà sókè fún òun. Ó ní, 'Èyí, ta ló kà á fún?'" Ohùn Àǹtí wálẹ̀. "Ó ní obìnrin kan wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni wọ́n fi gbé pọ̀ o. Ó ní òun ò mọ ọkùnrin tí òun fẹ́ mọ́."

Èyí ni mi ò rò rí. Gbogbo ẹ̀rù mi, orí ìgbéyàwó tèmi ni mo fi mọ. N kò mọ̀ pé ìgbéyàwó ẹlòmíràn ni mò ń tú ká, ti ẹni tí kò lè ti inú sàréè dìde wá gbèjà ara rẹ̀.

"Àǹtí," mo ní, "kò sí obìnrin kankan. Kò sí ìwé kankan. Ẹ̀rọ ló dá a sílẹ̀, èmi ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un fi sójú, wọ́n wá wò mí.

"Yéè! Pa á mọ́ra. Bó bá gbọ́, o ò ní wọ ilé yẹn láé. Sọ pé ilé ìkówèésí jóná."

"Àǹtí, ilé ìkówèésí wà níbẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni."

Nígbà tí wọ́n lọ, ibi iṣẹ́ Ayàwòrán ni mo gbà lọ. Ó wà nídìí tábìlì ìyàwòrán rẹ̀, ó ń ya àtẹ̀gùn ilé ìwé kan. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un láì jókòó. Ó ń fi rọ́bà pa ìlà kan rẹ́ títí pépà náà fi fẹ́ lu.

"Ìwọ lo kó wa sínú èyí," ó ní.

"Èmi ni."

"Nítorí tìẹ, ìyá mi ń pe bàbá mi ní alágbèrè."

"Mo mọ̀. Màá lọ sọ fún wọn."

"Rárá!" Ó dìde. Ojú rẹ̀ ti yí padà, ó ti ń ronú. "Má sọ nǹkan kan. Ẹ̀rọ yẹn tó dá àkọlé sílẹ̀, ṣé kò lè kọ ìwé náà gan-an ni? Ojú ewé mẹ́jọ péré. Màá ní kó kọ ọ́ bí Bàbá ṣe máa ń kọ̀wé. Màá wá ní kó fi í sí ìsàlẹ̀ pé ilé iṣẹ́ ló bá wọn tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ìyàwó wọn tó máa ń tẹ̀ ẹ́ ń tọ́mọ lọ́wọ́, pé wọ́n sì ń ṣàárò rẹ̀. Màmá á kà á, wọ́n á sunkún, ó parí."

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn kọjá gbogbo èyí tó ti ń bà mí tẹ́lẹ̀. Ohun tó sọ dára lójú mi, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Mo rí Màmá lọ́kàn mi, tí wọ́n di pépà náà mọ́ àyà.

"Bó o bá lè ṣe èyí fún ìyá rẹ," mo bi í, "báwo ni màá ṣe mọ ọjọ́ tó o bá ń ṣe é fún èmi?"

Ó gbé rọ́bà, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Mo ti sọ fún wọn láàárọ̀ pé o ti rí i, kí ara wọn lè rọlẹ̀," ó ní. "Mo ní màá gbé e wá lọ́la, ní aago mẹ́rin."

Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo kan ilẹ̀kùn Màmá. Inú yàrá ni wọ́n mú mi wọ̀. Gbogbo ẹ̀dà ìwé ọkọ wọn, tí wọ́n fi kábọ̀n tẹ̀, ló wà káàkiri orí ibùsùn, wọ́n ti tò ó ní ọdún dé ọdún. Wọ́n ti ń wá obìnrin náà nínú rẹ̀. Wọ́n ti rù.

"O gbé e wá?" wọ́n ní. "Ṣé kì í ṣe ọmọ mi ló ní òun máa gbé e wá ni?"

"Màmá, kò sí i." Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. "Bàbá ò kọ ọ́. Ẹnì kankan ò kọ ọ́. Ẹ̀rọ ni mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, ó parọ́ fún mi, èmi náà gbé irọ́ náà fún yín. Mi ò kà á. Irọ́ ni mo pa níjọ́sí. Kò sí obìnrin kankan, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹnì kankan."

Màmá béèrè ohun tí mi ò gbára dì fún.

"Ọmọ mi mọ̀?"

Mo lè dáàbò bò ó. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ kan péré lè ṣe nínú yàrá yẹn.

"Ó mọ̀, Mà. Àná ni mo sọ fún un."

Wọ́n na ọwọ́ mú fóònù wọn, wọ́n gbé e sí sípíkà, wọ́n fi ìka lé ètè kí n má sọ̀rọ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá."

"Ọmọ mi, ìwé bàbá yín dà? Ojú mi ti ń wọ̀nà."

Mo mọ̀ pé ohun tó bá sọ báyìí, òun ni ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, kò sì sí bí mo ṣe lè ràn án lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí pépà ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Màmá. Ojú ewé mẹ́jọ."

Mo di ojú mi. Ó parí, mo ní. Ó parí.

"Ó dùn ún kà," ó ní. "Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá kọ́ ló kọ ọ́, Màmá. Ẹ̀rọ ló kọ ọ́, èmi ni mo rán an níṣẹ́. Mi ò lè gbé e wá fún yín. Ìwé karùn-ún kankan ò sí."

"Ta ló wá kọ́kọ́ fi í sínú ìwé ọmọbìnrin yẹn?"

"Èmi náà ni. Ẹ má bá a wí."

"Irọ́ ni o, Màmá!" Mi ò mọ̀gbà tí mo pariwo.

"O wà níbẹ̀?" ó ké láti inú fóònù.

"Ó wà níbí," Màmá dá a lóhùn, "ó sì ti ro tiẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò tiẹ̀ mọ irọ́ pa." Wọ́n pa fóònù.

Mo ń retí kí wọ́n lé mi jáde. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n jókòó sórí àwọn ìwé tó wà lórí ibùsùn, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn, wọ́n bú sẹ́kún.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," wọ́n ní. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bá òkú jà. Mo bú ọkọ mi nínú yàrá yìí. Ohun tí mi ò sọ sí i nígbà tó wà láàyè, mo sọ ọ́."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn títí ẹkún fi dá.

"Yunifásítì ti gba ìwé rẹ?"

"Ẹ̀dà mẹ́ta, Mà."

"Ẹni tó bá wá kà á lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́, táá ní ọkọ mi sọ ohun tí kò sọ?"

"Wọ́n lè gba oyè náà lọ́wọ́ mi, Mà."

"Mo mọ̀. Lọ́la, a jọ ń lọ ni."

Nígbà tí mo jáde, Ayàwòrán ti dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, òógùn bò ó. Ó ti ya pépà mẹ́jọ náà sí wẹ́wẹ́, ó kún àpò rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ̀rù rẹ bà mí lánàá," mo sọ fún un.

"Ẹ̀rù ara mi bà mí," ó ní.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá tó ń bójú tó ìwé mi ní yunifásítì ò pariwo lé mi lórí. Ì bá tiẹ̀ pariwo ni. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó bi mí bóyá mo yẹ àwọn ìwé yòókù wò, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wọn. Ó ní òun fúnra òun á tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, ó sì kọ lẹ́tà kan níwájú mi, ó tẹ àǹtẹ̀ lù ú. Mo jáde pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́. Màmá wà lórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà, Ayàwòrán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo jókòó tì wọ́n.

"Kí ló wí?" Màmá béèrè.

"Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà, Mà. Ọdún kan. Kí n tún un kọ, kí n padà wá lẹ́yìn ọdún kan."

"Ọdún kan!" Àwọn tó ń kọjá yíjú wò wá. "Ìwọ tó o ti dàgbà ju ọmọ mi tẹ́lẹ̀! Èmi ò lè dúró de ìwé yẹn o. Lọ sọ fún àwọn òbí rẹ pé à ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀." Wọ́n gba báàgì èjìká mi, wọ́n gbé e fún ọmọ wọn. "Dìde jàre, ìyàwó mi. Jẹ́ ká máa lọ sílé."